Ẹjọ́ 34 àti 43: Ìbéèrè Aago Ọwọ́ Kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìbéèrè kẹsàn-án nínú ìdíje ìṣirò tí àwọn olùkọ́ lẹ́sìn ìsinmi kan ṣètò fún àwọn ọmọ JSS 2 àti JSS 3 ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè náà kò gùn. Aago ọwọ́ kan wà tí ó ń fi nọ́ńbà hàn, wákàtí àti ìṣẹ́jú nìkan ni ó sì ń sọ. Láti ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ kan títí di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ kejì, ìgbà mélòó ni nọ́ńbà kan náà yóò tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú aago náà? Ìdáhùn tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń máàkì ni 34. Ọmọbìnrin kan tí ó wà ní JSS 2 kọ 43. Wọ́n fún un ní òdo, ìyẹn nìkan kì bá tí di ẹjọ́. Ohun tí ó di ẹjọ́ ni gbólóhùn tí ẹni tí ó máàkì ìwé náà fi bírò pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn ọ̀hún, pé ọmọ náà jíwèé wò, ó sì yí ìdáhùn ọmọkùnrin tí ó jókòó tì í sẹ́yìn-sẹ́yìn kí àṣírí má baà tú.

Ẹni tí ó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé a kì í fi máàkì ọmọ ṣeré níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ náà, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ òru gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Kò pariwo. Ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, bí ọmọ mi bá gba ìbéèrè kùnà, n kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n n kò bí olè."

Ẹni tí ó máàkì ìwé náà dáhùn pé, "Mọ́mì, kò sí ẹni tí ó pe ọmọ yín lólè."

"Jíwèé wò ń kọ́? Orúkọ wo ni ẹ̀yin ń pè é?"

Nítorí pé mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí n kò sì sí lára àwọn tí ó ṣètò ìdíje náà, àwọn méjèèjì gbà pé kí n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀.

Kí a má parọ́, ẹ̀sùn náà ní ojú. Nọ́ńbà méjì kan náà ni ó wà nínú 34 àti 43, ọmọkùnrin tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọmọbìnrin náà kọ 34, ọmọbìnrin náà kò sì kọ ìlà iṣẹ́ kankan sí ìwé ìdáhùn rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó máàkì ti ṣe iṣẹ́ akáǹtì rí kí ó tó di olùkọ́, àwọn akáǹtì sì ní ọgbọ́n àtijọ́ kan: bí ìwé owó kò bá dọ́gba, tí a sì lè fi 9 pín ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí akọ̀wé ti gbé nọ́ńbà méjì tí ó tẹ̀ léra gba ipò ara wọn. Òótọ́ ni ọgbọ́n náà, nítorí pé bí a bá yí iye onínọ́ńbà méjì kankan padà, ìyàtọ̀ tí ó máa ń wà láàrin wọn kò lè ṣàì jẹ́ ìlọ́po 9. Ìyàtọ̀ 34 àti 43 jẹ́ 9 gẹ́lẹ́. Ní ojú ọkùnrin náà, ọwọ́ ti ba ọ̀daràn. Ohun tí kò ṣe ni kí ó béèrè ìwé ráfù.

Mo béèrè ìwé ráfù náà. Wọ́n wá a rí nínú páálí tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí. Nínú ìwé ti ọmọbìnrin yìí, lábẹ́ ọ̀wọ́ àwọn àkókò tí ó tò bí ọjà sórí àtẹ, mo rí 30, mo rí 16 ní abẹ́ rẹ̀, mo rí 3 tí a fi àmì ìyọkúrò síwájú, lẹ́yìn náà 43. Ẹni tí ó wo ìwé ẹlòmíràn kì í ní irú ìṣirò báyìí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n pé ọmọ kò jíwèé wò kò tíì sọ pé ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, nítorí náà a ní láti ka aago náà tinú-tẹ̀yìn.

Bí wọ́n ṣe rí 34 nínú ìwé ìdáhùn ni èyí. Aago oníwákàtí méjìlá ni ẹni tí ó ṣe ìbéèrè náà ní lọ́kàn. Lójú irú aago bẹ́ẹ̀, wákàtí ń lọ láti 1 dé 12, ó sì tún padà sí 1. Kò sí wákàtí òdo níbẹ̀, nítorí pé 12:05 ni ó máa ń kọ nígbà tí ọ̀gànjọ́ òru bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Nínú àwọn wákàtí tí nọ́ńbà wọn jẹ́ ẹyọ kan, a rí 1:11, 2:22, 3:33, 4:44 àti 5:55, ibẹ̀ ni ó sì tán sí, nítorí pé ìṣẹ́jú kì í kọjá 59, kò sì sí aago tí yóò kọ 6:66 láé. Aago mẹ́wàá mú 10:00 wá, aago méjìlá mú 12:22 wá. Inú aago mọ́kànlá ni ọrọ̀ wà. Kí ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀ rárá, 1 méjì ti wà nílẹ̀, nítorí náà gbogbo ìṣẹ́jú láti 11:10 títí dé 11:19 ni ó ní 1 mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko láìsinmi. Bí a bá ro márùn-ún, ọ̀kan, ọ̀kan àti mẹ́wàá pọ̀, 17 ni. Aago oníwákàtí méjìlá ń yípo lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìlọ́po méjì 17 sì ni 34.

Ẹ wo bí kò ṣe dọ́gba. Láti 5:55 títí di 10:00, wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú márùn-ún ni aago yóò fi máa lọ láìfi mẹ́ta kan ṣoṣo hàn, nígbà tí àkókò ráńpẹ́ kan ní aago mọ́kànlá ń da mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ó ń sọ pé nǹkan ẹ̀mí ni bí wọ́n ṣe máa ń bá 1 rẹpẹtẹ pàdé lójú aago ìbá kọ́kọ́ ro èyí wò.

Ọmọbìnrin náà kò mọ aago oníwákàtí méjìlá ní aago gidi. Aago tí ó ń wò láti kékeré ni ti ìyá rẹ̀, wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n sì fi ń kọ àkókò oògùn sílẹ̀ ní ibi iṣẹ́ ìyá náà, kí nọ́ọ̀sì tí ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì má baà ṣi aago mẹ́jọ àárọ̀ mú fún aago mẹ́jọ alẹ́. Lójú aago yìí, nọ́ńbà mẹ́rin ni ó máa ń wà nígbà gbogbo: ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru jẹ́ 00:05, aago kan ààbọ̀ òru jẹ́ 01:30.

Mo ní kí ó jókòó, kí ó sì ṣàlàyé fún mi bí ó ṣe kà á, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tí àgbàlagbà púpọ̀ kò lè gbà ṣe é. Ó ní nọ́ńbà mẹ́rin kò lè ní mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra àyàfi ní ọ̀nà méjì: kí mẹ́ta àkọ́kọ́ jọra, tàbí kí mẹ́ta ìkẹyìn jọra. Fún mẹ́ta àkọ́kọ́, àfi kí wákàtí fúnra rẹ̀ jẹ́ ìbejì, ìyẹn 00, 11 tàbí 22, kí nọ́ńbà tí ó ṣíwájú nínú ìṣẹ́jú sì bá a mu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láti 00:00 dé 00:09, láti 11:10 dé 11:19, láti 22:20 dé 22:29. Ibẹ̀ ni 30 ti wá. Fún mẹ́ta ìkẹyìn, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, ó rí 00:00, 10:00 àti 20:00. Ó bọ́ sórí 1, ó rí 01:11, 11:11 àti 21:11. Lórí 2, ó rí 02:22, 12:22 àti 22:22. Lórí 3, ó rí 03:33, 13:33 àti 23:33. Nígbà tí ó dé orí 4, méjì péré ni ó rí, 04:44 àti 14:44, nítorí pé ọjọ́ ti parí kí 24:44 tó dé. Lórí 5, ó rí 05:55 àti 15:55. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16.

Mo bi í pé, "Àti 3 tí o yọ kúrò ńkọ́?"

Ó ní, "Sà, mo ti ka 00:00 pẹ̀lú 11:11 àti 22:22 mọ́ 30, mo tún wá kà wọ́n mọ́ 16. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kálukú wọn ń wáyé lóòjọ́."

Mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS 3 pàdé tí irú ìyọkúrò yìí kò wá sí wọn lọ́kàn. 30 pẹ̀lú 16 jẹ́ 46. Bí a bá yọ 3, ó ku 43.

Ibi tí ẹni tí ó máàkì ti wá gbé àtakò rẹ̀ dìde ni pé kò sí aago ọwọ́ tí ó ń kọ òdo méjì síwájú. Ó ní òun náà máa ń lo wákàtí mẹ́rìnlélógún lórí aago òun, 0:05 ni ó sì máa ń kọ, òdo kan ṣoṣo. Ìyá ọmọ náà bọ́ aago ọwọ́ tirẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Aago dúdú onírọ́bà ni, okùn rẹ̀ ti já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kẹta, wọ́n sì fi òwú dúdú so ó pọ̀. Ojú gíláàsì rẹ̀ ti ha débi pé ènìyàn ní láti gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ kí ó tó rí i kà. Ọkùnrin náà gbé tirẹ̀ náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A tẹ bọ́tìnnì aago méjèèjì títí a fi gbé wọn dé 23:58, gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ sì yí tábìlì náà ká. 23:59 kọjá. Lójú aago ìyá náà, 00:00 jáde. Lójú aago ọkùnrin náà, 0:00, àyè tí ó wà ní apá òsì sì ṣófo. A kò dìde. A ń wò ó bí ti nọ́ọ̀sì ṣe ń kọ 00:01, 00:02, tí ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kọ 00:09, tí 00:10 sì gba ipò rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, òdo mẹ́ta ni ó wà lójú aago kan, méjì ni ó wà lójú èkejì.

Kò sí èyí tí ó bàjẹ́ nínú aago méjèèjì. Ìlà kéékèèké méje ni a fi ń ya nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lójú irú aago yìí. 8 ń lo gbogbo wọn, òdo ń lo mẹ́fà, 1 ń lo méjì péré. Ẹni tí ó ṣe aago ni ó ń pinnu bóyá àwọn ìlà àyè àkọ́kọ́ yóò ya òdo tàbí wọn yóò dákẹ́ nígbà tí wákàtí bá jẹ́ ẹyọ kan. Bí a bá sì ń wá ìlànà tí a kọ sílẹ̀, ISO 8601, tí àjọ ISO kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1988 fún kíkọ ọjọ́ àti àkókò, gbà pé nọ́ńbà méjì ni kí a máa fi kọ wákàtí nígbà gbogbo, pẹ̀lú òdo níwájú bí ó bá yẹ. Ní ti ìlànà yẹn, ọ̀dọ̀ ọmọ JSS 2 yìí ni ẹjọ́ ti tọ́ jù lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí a ka aago ọkùnrin náà, oníwákàtí mẹ́rìnlélógún tí kì í kọ òdo síwájú, mo rò pé a ó rí iye kẹta. Àwọn wákàtí ẹlẹ́yọ kan mú mẹ́fà wá, láti 0:00 dé 5:55. Láti aago mẹ́wàá lọ, a rí 10:00, mẹ́wàá nínú aago mọ́kànlá, lẹ́yìn náà 12:22, 13:33, 14:44, 15:55, 20:00, 21:11, mẹ́wàá nínú aago méjìlélógún, àti 23:33. Èyí jẹ́ 28. Bí a bá fi mẹ́fà kún un, 34 ni. Aago méjì tí ìṣesí wọn kò bára mu rárá, tí àkókò tí wọ́n kà pàápàá yàtọ̀ síra, wá fi ẹnu kò sí iye kan náà. N kò rí ìdí mìíràn fún un ju pé ó ṣe kòńgẹ́.

Èyí ni ó mú mi béèrè ìwé ráfù ọmọkùnrin tí ó jókòó tì í. Ó ti kọ 6, ó ti kọ 28. Irú aago ọkùnrin tí ó máàkì ni òun náà fi kà á, kì í ṣe aago inú ìwé ìdáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ bá ìwé mu, ọ̀nà rẹ̀ kò bá a mu, kò sì sí ẹni tí ó fura sí i nítorí pé iye rẹ̀ tọ̀nà lójú olùmáàkì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òun àti ọmọbìnrin náà sì hàn kedere: àwọn ìṣẹ́jú láti 00:01 dé 00:09 tí a jókòó wò lórí tábìlì. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. 9 tí akáǹtì rí, tí ó sì pè ní àmì ìyípadà, ìṣẹ́jú gidi mẹ́sàn-án ni.

Níwọ̀n ìgbà tí ìwé ráfù ti wà lọ́wọ́, mo yẹ ìdáhùn àwọn tí ó kù wò. Àwọn tí ó kọ 17 gbàgbé pé aago ń yípo lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí ó kọ 36 ti fi 11:11 sínú àwọn bí 1:11, wọ́n sì tún kà á nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti aago mọ́kànlá. Ọmọ kan kọ 42: ó ti da 6:66, 7:77, 8:88 àti 9:99 pọ̀ mọ́ ọn, ohun tí ìyá rẹ̀ yóò bi í nílé kì í ṣe iṣẹ́ tèmi. Ẹnì kan kọ 48, èyí sì yẹ fún ìyìn díẹ̀, nítorí pé ó ka gbogbo ibi tí nọ́ńbà kan náà ti wà lẹ́ẹ̀mẹta, ì báà tẹ̀ léra tàbí kí ó má tẹ̀ léra, bí 10:11, 12:11 àti 11:41. Ìṣirò rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà sọ ní kedere pé kí wọ́n tẹ̀ léra. Àwọn tí ó kọ 12 ka kìkì ìgbà tí gbogbo ojú aago jẹ́ nọ́ńbà kan, láti 1:11 dé 5:55 àti 11:11, lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí a jókòó láti parí ẹjọ́, ẹnì kan nínú àwọn olùkọ́ dábàá pé kí a kúkú fagi lé ìbéèrè kẹsàn-án fún gbogbo ọmọ. N kò fara mọ́ ọn. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó ronú dé òpin yóò pàdánù nítorí pé ẹni tí ó ṣe ìbéèrè kò sọ irú aago tí ó ní lọ́kàn. Ohun tí mo kọ síwájú wọn ni pé kí 34 gba máàkì, yálà aago oníwákàtí méjìlá ni ọmọ lò tàbí aago oníwákàtí mẹ́rìnlélógún tí kì í kọ òdo síwájú. Kí 43 náà gba máàkì kíkún. Kí àwọn ìdáhùn yòókù dúró gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà. Wọ́n gbà á. Máàkì márùn-ún yìí gbé ọmọbìnrin náà láti ipò kẹrin sí ipò kejì, ó di òun àti ẹlòmíràn ní ọgbọọgba, àwọn olùkọ́ sì dá owó jọ láti ra ẹ̀bùn kejì kan náà, kí wọ́n má baà gba ti ọmọ kejì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kù ọ̀rọ̀ bírò pupa. Ọkùnrin náà fa ìlà sí gbólóhùn tí ó kọ, ó sì fọwọ́ sí i. Ó yíjú sí ìyá ọmọ náà pé, "Mọ́mì, ẹ má bínú sí mi." Ìyá náà ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọmọ òun wà níbẹ̀. Kì í rọrùn fún àgbà ní ilẹ̀ wa láti dojú kọ ọmọdé bẹ̀ ẹ́ lójú ènìyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣe é, ó sì pe ọmọ náà ní orúkọ rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ìyá náà béèrè pé kí wọ́n gba ìwé tí a fa pupa yìí padà, kí ọmọ òun da ìdáhùn rẹ̀ kọ sórí ìwé mìíràn, nítorí pé ìlà tí a fà sórí ọ̀rọ̀ kì í pa á rẹ́. Wọ́n fún ọmọ náà ní ìwé tuntun, ó sì kọ ọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú 30, 16 àti 3 lẹ́sẹẹsẹ lórí ìwé ìdáhùn lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n tún ìbéèrè kẹsàn-án kọ fún ìdíje tí ó ń bọ̀. Bí ó ṣe rí báyìí nìyí: "Aago ọwọ́ kan ń fi wákàtí àti ìṣẹ́jú hàn láti 00:00 dé 23:59, nọ́ńbà mẹ́rin ni ó sì ń wà lójú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ìgbà mélòó lóòjọ́ ni nọ́ńbà kan náà yóò tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ? Fi iṣẹ́ rẹ hàn."